Ìlà Àárín Pátákó

Mo fa ìlà kan gbọọrọ láti òkè pátákó dé ìsàlẹ̀.
Ọ̀tún: abẹ̀mí. Òsì: aláìlẹ́mìí.
Wọ́n ń dà á kọ bí ẹni ń da omi sí agbè,
orí mẹ́rìnléláàádọ́ta tó tẹ̀ ba sórí kàyé,
aago mẹ́ta ọ̀sán, páànù ń ké lókè wa.
Wọrú ti sùn, bíìkì rẹ̀ ni kò tíì mọ̀.

Mo ní, ẹ dìde.
Okùn wà lápò mi, èèkàn mẹ́rin.
A gba ẹ̀yìn ilé-ẹ̀kọ́, a kọjá oko kajú Bàbá Ọdúnlámì,
a dé ibi tí òkúta Ṣábẹ̀ẹ́ ti gbé ẹ̀yìn sókè
bí erin tó fẹ́ dìde, tó tún rò ó wò.

A kan èèkàn, a ta okùn,
ìṣísẹ̀ kan níbùú, ìṣísẹ̀ kan lóròó.
"Ohunkóhun tó bá wà nínú okùn yìí, ẹ kọ ọ́."
"Alángbá!" Ṣàbí ló kígbe.
Alángbá mi orí lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni pé ó gbà,
ó fo okùn, ó bá tirẹ̀ lọ.
"Ṣé ká pa á rẹ́ ni, Madáàmù?"
Mo ní kí ó lọ bi alángbá.

Wọ́n kọ èèrà. Wọ́n kọ yanrìn.
Wọ́n kọ ooru, torí Àdùfẹ́ bọ́ bàtà, ó tún sáré wọ̀ ọ́.
Atẹ́gùn gba bébà lọ́wọ́ ẹnì kan kí wọ́n tó rántí rẹ̀.
Lórí ọ̀gán ni wọ́n ti jà:
erùpẹ̀ ni, àbí ilé, àbí ara àwọn tó ń gbé inú rẹ̀?
Iyàn náà ò tíì tán títí di òní.

Mo fi ìka kan àbàwọ́n kan lára òkúta,
ó rí bí eérú, ó gbẹ bí ètè ìgbà ọyẹ́.
"Ọ̀dà ni." "Ìgbẹ́ ẹyẹ ni."
Mo da omi inú ìgò mi lé e.
A dúró. Mo kà dé ogún nínú ọkàn mi.
Àbàwọ́n náà yí padà, ó di àwọ̀ ewé,
bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ lójú oorun.
Wọrú kúnlẹ̀ tì í, kò sọ̀rọ̀.
Mo ní: ó ń jẹ òkúta, díẹ̀díẹ̀,
kí bàbá ìyá yín tó dáyé ló ti ń jẹ ẹ́,
èyí tó bá jẹ kù ló ń di ilẹ̀,
ilẹ̀ lẹ sì ń gbin iṣu sí.
"A jẹ́ pé òkúta là ń jẹ, Madáàmù?"
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ń gúnyán nílé.

Láti oṣù tí wọ́n ti sin bàbá Àṣàkẹ́,
ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ò kún ọwọ́.
Ó na ewé kajú kan sí mi, gbígbẹ.
"Èyí ńkọ́? Ọ̀tún ni, àbí òsì?"
Mo mọ ohun tí ìwé sọ.
Ìwé ò rí ojú Àṣàkẹ́ nígbà tó ń sọ ọ́.
Ikán kan wà létí ewé náà, ó ń gé e bí télọ̀.
"Fi sórí ìlà," ni mo wí.

Lóru mo ka iṣẹ́ wọn lẹ́bàá àtùpà.
Ṣàbí kọ alángbá, ó pa á rẹ́, ó tún un kọ.
Wọrú kọ "àwa" sí ọ̀tún,
ó wá kọ "Madáàmù" lọ́tọ̀, ó fi àmì ìbéèrè sí i.
Àṣàkẹ́ fi ẹ̀kọ lẹ ewé rẹ̀ mọ́ àárín ojú ìwé.
Ìlà tó fà ní àlàfo,
bí ọgbà tí ewúrẹ́ ti mọ ọ̀nà ibẹ̀.
Mo gbé bíìkì pupa. Mo gbé e sílẹ̀.

Láàárọ̀, mo ṣáájú wọn dé kíláàsì.
Ìlà mi ṣì wà níbẹ̀, gbọọrọ,
lórí pákó tí káfíńtà là lára igi,
tí ọ̀dà dúdú ò tilẹ̀ bo ojú igi náà tán.
Ikán ti mú un láti igun òsì.